Agogo Láti Ìsàlẹ̀ Òkè

Ùsmán oníkẹ̀kẹ́ ò tíì kú nígbà náà. Ìyá tó bí mi wà láyé ní Abigi, ó ń hun ẹní lábẹ́ igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé wa, ojú rẹ̀ ṣì ń ríran kedere. Bàbá mi wà. Abibat ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ mi gùn bí ti lékèélékèé, òun náà wà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Àgọ́-Ìwòyè sì pé pérépéré. Bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, eruku pupa la ó kọ́kọ́ rí, ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ wọn. Kò ku ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn mọ́ lónìí.

Gààrí àti obì ni wọ́n ń gbé wá bá wa létí omi, ẹja gbígbẹ àti ẹní ni wọ́n ń gbé padà. Nígbà òjò, kò sí mọ́tò tó jẹ́ dá ọ̀nà yẹn láṣà. Kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń kọjá, kẹ̀kẹ́ Rálè dúdú tí wọ́n kan kárià onígi mọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n di ẹrù lé títí tí o ò fi ní rí orí ẹni tó ń wà á bí o bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òkè kan wà lójú ọ̀nà náà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọ ní Dúródèmí. Bí ẹ bá wọ mọ́tò kọjá níbẹ̀ lónìí, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òkè ni, nítorí katapílà ti gé orí rẹ̀. Nígbà tiwa, bí ògiri ló rí. Gígùn rẹ̀ ń gba agbára, ṣùgbọ́n sísọ̀ rẹ̀ ló ń gba ẹ̀mí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní ìlànà kan tí ẹnikẹ́ni kì í rú. Bí wọ́n bá ti ẹrù dé orí òkè, gbogbo wọn á dúró, wọ́n á mumi. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi eléwé, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kó máa wọ́ nílẹ̀, torí bíréékì nìkan ò lè dá ẹrù ẹja dúró. Ẹnì kan á wá kọ́kọ́ sọ̀. Bó bá dé ìsàlẹ̀, tó rí i pé kò sí ẹran, kò sí ènìyàn, kò sí ihò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, á lu agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí ó tó lù ú, ẹni tó kàn ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Ó lè pẹ́, ó lè yá. Wọn kì í pariwo pe ẹni tó ti lọ, wọn kì í sì í bínú. Ẹni tó wà lókè, etí ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí òjò ṣú dùdù ni Ùsmán ò dúró. Sàláwù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn lọ́mọdé, ló ti sọ̀ ṣáájú. Ẹ̀ka igi tí Sàláwù so já, kẹ̀kẹ́ gbé e ṣubú ní kọ́nà, ẹja rẹ̀ sì dà sílẹ̀ bíi wí pé ọjà ni. Ó wà níbẹ̀ tó ń gbá ẹja jọ, kò tíì dé ìsàlẹ̀, kò tíì lu agogo, ló bá gbọ́ ìró táyà lókè. Ùsmán rí i lójijì. Ó yà fún un. Igi ló yà lù. Wọ́n ní ẹja ṣì wà lọ́wọ́ Sàláwù nígbà tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ò tíì jù ú nù.

Sàláwù yìí ni mo fẹ́.

Lẹ́yìn ikú Ùsmán, ó pẹ́ gan-an kó tó tún padà wá sí Abigi. Ọjọ́ tó máa wá, kò gbé nǹkan kan, kárià rẹ̀ ṣófo. Bàbá mi ní, "Sàláwù, ẹrù rẹ dà?"

Ó ní, "Kò sí, Bàbá."

"O gun Dúródèmí láìgbé ẹrù? Kí lo wá gba ibẹ̀ ṣe?"

Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Abibat ló fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹrù rẹ̀ rèé tó jókòó sórí ẹní. Ṣe kárià yẹn á gba ẹsẹ̀ lékèélékèé báyìí?"

Bí mo ṣe di ará Àgọ́-Ìwòyè nìyẹn, tí Sàláwù sì di Bàbá Múrí lẹ́nu mi, nígbà tí a bí Múrítàlá.

Mi ò ní fa ìyókù gùn. A tọ́mọ, a sin òbí, a dàgbà. Múrítàlá ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Sìkírátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, ọ̀dọ̀ wa ló wà, ó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ yunifásítì. Raheemah, àkọ́bí Múrítàlá, ọwọ́ wa ló dàgbà sí. Bàbá Múrí ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, lórí Rálè àtijọ́ kan náà, ẹsẹ̀ ọmọ náà ò tíì kan ilẹ̀. Àwọn kan ní ládùúgbò sọ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí ni, kí ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe? Bàbá Múrí ní kí wọ́n lọ bi ìyá ìyá wọn bóyá ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ilé ọkọ.

Nígbà tí Raheemah jáde ní yunifásítì, ó rí ẹ̀kọ́ gbà sí ìlú òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Siwisalandi. Ọjọ́ tó ń lọ, Bàbá Múrí wá sípánà, wọ́n tú agogo ara kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n fi kẹrosíìnì fọ ìpẹtà ara rẹ̀, wọ́n wá fi lé e lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé òkè pọ̀ níbẹ̀."

Òkè pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Mo rí i nínú fóònù. Raheemah a máa pè wá ní fídíò lọ́jọ́ Sátidé, Sìkírátù á gbé fóònù ti ife omi, èmi àti Bàbá Múrí á sún mọ́ ọn. Àwọn ará ibẹ̀ ní àṣà kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ láti àfonífojì kan, wọ́n á gba ibi tí orí òkè méjì ti yàgò fún ara wọn kọjá, wọ́n á sì sọ̀ sí àfonífojì kejì. Gbogbo ibi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè kọjá báyìí ló ní orúkọ. Bí òtútù bá dé, yìnyín á bo ọ̀nà náà mọ́lẹ̀ pátápátá, ìjọba á fi irin dí i. Bí oòrùn bá padà, wọ́n á ṣí i. Raheemah bá wọn wọ̀ ọ́. Ó ra kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ tó fi ọwọ́ kan gbé e sókè hàn wá. Ó wé ìbòrí rẹ̀ sábẹ́ akoto. Lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, agogo Bàbá Múrí ló wà níbẹ̀ bí ìgbín tó lẹ̀ mọ́ ewé.

Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fi ń rẹ́rìn-ín, pé àwọn ń ná owó kí kẹ̀kẹ́ lè fúyẹ́, òun wá lọ gbé irin lé e.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ fún wa pé òun gun òkè kan dé orí, Bàbá Múrí bi í pé, "Kí lo gbé?"

"Omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, Bàbá."

"Ẹrù ni mò ń wí."

"Kò sí ẹrù o."

"Ta ló wá rán ọ níṣẹ́?"

 Èmi ni mo dá sí i. Mo ní, "Bàbá Múrí, ta ló rán ẹ̀yin náà sí Abigi lọ́jọ́ kárià òfìfo?"

 Wọ́n ní, "Ìyẹn yàtọ̀. Ẹrù tí mo fẹ́ gbé wà lọ́hùn-ún." Sìkírátù fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín já fóònù bọ́.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀nà wọ Bàbá Múrí lójú. Wọn a bi í bí odò ṣe ń ṣàn nínú àfonífojì, apá ibo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, ibo ni ọ̀nà ti ń ṣẹ́rí. Wọ́n á fi ìka fa gbogbo rẹ̀ sára ẹní. Lọ́jọ́ mìíràn, mo bá wọn tí wọ́n dá jókòó, ìka wọn ń gun òkè ìlú òyìnbó lórí ẹní, ó ń yí, ó ń ṣẹ́rí, ètè wọn ń mì. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wú nígbà náà. Dókítà ní ọkàn ni, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti yàrá dé ibi àlùwàlá, wọ́n á sinmi lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí òkè kan tí Raheemah pè ní Fúrúkà. Òun ló ga jù nínú gbogbo èyí tó ti ń sọ. Gbàrà tí Múrítàlá gbọ́, ó ti gun ọ̀kadà láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, èérún pákó ṣì ń bẹ ní orí irun rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mo wo ọ̀nà yẹn nínú fóònù. Ó ń yí po bí ìfun ẹran ni, ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti ní kó má lọ. Ó ní àfi bí ẹ̀yin bá sọ ọ́ lẹ́nu yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́."

Bàbá Múrí ní, "Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, àbí ẹ ó sọ ọ́? Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí òkè ṣe fún bùrọ̀dá Ùsmán."

Ó dùn mí pé ó dárúkọ yẹn. Nínú ilé wa, a kì í ṣàdédé dárúkọ Ùsmán.  Múrítàlá lọ, inú rẹ̀ ò dùn.

Ìrònú mú Bàbá Múrí láti ọjọ́ yẹn. Oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ìgbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ní, "Bàbá Múrí, ẹ sọ fún ọmọ náà kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀."

Wọ́n ní, "Bí mo bá ní kó má lọ, á gbọ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Á gbọ́, á wá jókòó sí ìsàlẹ̀ òkè yẹn, á máa wò ó títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀."

Mo ní, "Bó bá wá lọ ńkọ́, tí ohun tí a ò fẹ́ ṣẹlẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ó di ẹni kejì lọ́rùn mi nìyẹn. Ìyá Múrí, o rò pé mi ò mọ̀? Ṣùgbọ́n òkè kọ́ ló pa Ùsmán. Àìdúró ló pa á."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ fún Raheemah pé kó lọ. Wọ́n ní bí àwọn ti ń ṣe ní Dúródèmí ni kó ṣe é: kó dúró lórí òkè, kó mumi, kí wọ́n sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbéra títí ẹni iwájú á fi dé ìsàlẹ̀.

"Kí o sì so ẹ̀ka igi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́."

"Bàbá, kò sí igi lókè yẹn. Òkúta àti yìnyín ni gbogbo rẹ̀."

"Òkè kí ló wá yẹn?" Wọ́n mi orí. "Ó dáa, mú bíréékì díẹ̀díẹ̀, má dì í mú gírígírí, rímù á gbóná. Bí o bá dé ìsàlẹ̀, kí n gbọ́ agogo mi. Èmi ni mo wà lókè. Mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí n ó fi gbọ́ ọ."

Ọjọ́ náà pé. Lẹ́yìn ìrun Àílà ni Raheemah pè láti orí Fúrúkà. Atẹ́gùn ń gbá aṣọ rẹ̀ pàpàpà, yìnyín ìgbà òtútù tí kò tíì yọ́ tán dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí òkìtì iyọ̀. Ó yí fóònù sí ìsàlẹ̀ kí a lè rí ibi tó ń lọ. Lójú tèmi, ọ̀nà náà dà bí okùn tí ẹnì kan jù sílẹ̀ láti ojú sánmà, tó bọ́, tó ká ara rẹ̀ kò.  Omi ń bọ́ lójú Bàbá Múrí. Mo rò pé wọ́n ń rí Fúrúkà, mo sì rò pé kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń rí.

Raheemah ní òun ti sọ ìlànà Dúródèmí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Òun ni wọ́n fi ṣe ẹni àkọ́kọ́.

Bàbá Múrí ní, "Bísímílàhì. Máa sọ̀."

Fóònù kú. A bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Sìkírátù gbé ìrẹsì wá, Bàbá Múrí ní kó gbé e sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fara lélẹ̀, wọ́n ní rárá. Wọ́n jókòó sórí ẹní, ẹ̀yìn wọn ò kan ògiri, fóònù wà níwájú wọn. Ìrẹsì tutù. Wọ́n pe ìrun Alásárì, Bàbá Múrí kí i ní ìjókòó, wọ́n ṣe sàlámà tán, wọ́n tún kọjú sí fóònù. Kò dún.

Múrítàlá dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. "Ó ti pè?"

Mo ní, "Kò tíì pè."

"Láti ìgbà wo? Láti ìgbà wo, màámi?" Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Kò lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ó ń padà. "Bí nǹkan bá ṣe ọmọ mi," ó ní, kò lè parí rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin lẹ ní kó lọ, Bàbá. Bí nǹkan bá ṣe é..."

Bàbá Múrí ní, "Jókòó, Múrí."

"Kí n jókòó ṣe kí ni?"

"Bí o bá ń rìn báyìí, mi ò ní gbọ́."

Ọmọ mi ọkùnrin, tó ti ní irun funfun lágbọ̀n, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ bí ìgbà tó wà nílé kéwú.  Mo ń wo ọwọ́ ọkọ mi. Ìka wọn wà lórí ẹní, ó dúró síbì kan. Ìgbà yẹn ló yé mi pé láti ìgbà tí Ùsmán ti kú, ọkùnrin yìí ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró de òun lórí òkè kankan. Lẹ́yìn Ùsmán, òun ló máa ń gbẹ̀yìn sọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa wà lẹ́yìn òun.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà náà ṣàjèjì. Èmi ni mo na ìka tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, òkùnkùn biribiri. Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni agogo. Kìrín-kìrín, kìrín-kìrín. Agogo tí mo mọ̀ kí n tó mọ ọkọ.

Bàbá Múrí tẹ orí ba. Wọn ò béèrè bóyá ara le. Wọ́n ní, "Ojú ọ̀nà mọ́?"

Ohùn Raheemah dé, ó ń mí gúlegúle. "Ojú ọ̀nà mọ́, Bàbá. Ẹ má bínú. Kùrukùru ló bò mí mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Mo ní rárá. Mo dúró ti òkúta kan títí ó fi ká. Òtútù wá pa fóònù mi. Ilé àwọn kan ní abúlé ìsàlẹ̀ ni mo ti ń pè yín."

"O dúró?"

"Mo dúró, Bàbá."

Múrítàlá ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo fi í sílẹ̀. Bàbá Múrí fi ọwọ́ nu ojú ara wọn, wọ́n mí èémí kan tó gùn, irú èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi ló kàn."

Sìkírátù rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kẹ̀kẹ́ wo lẹ tún fẹ́ gùn báyìí?"

"Ìwọ ṣáà lọ bá mi gé ẹ̀ka igi wá, kí n má baà sáré jù."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan Múrítàlá tí ojú rẹ̀ ṣì tutù. Wọ́n ní kí Sìkírátù gbé ìrẹsì tó ti tutù yẹn wá, wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n wá gbà láti fẹ̀yìn lélẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ara wọn rọ̀, ojú wọn mọ́. Wọ́n dárúkọ Ùsmán fúnra wọn lójú mi. Wọ́n ní ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn ju àwọn lọ, pé tí ó bá ń kọrin gun òkè, a ò ní mọ̀ pé ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti fẹ́ wọn láti ìgbà tí irun mi dúdú, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Ùsmán máa ń kọrin.

Ọjọ́ Alàmísì ni. A kí ìrun Àsùbáà pọ̀, èmi lẹ́yìn, àwọn níwájú, ní ìjókòó. Mo lọ bu omi gbígbóná sínú abọ́ ẹ̀kọ wọn. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ọwọ́ wọn wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìka ọwọ́ kejì wà lórí ẹní níbi tí okùn rẹ̀ ti já díẹ̀. Mo gbé abọ́ sílẹ̀. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tún pè wọ́n mọ́.

Sìkírátù wọlé, ó rí ojú mi, ó la ẹnu láti figbe ta. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó dákẹ́ ná, kó tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tó pe áàfáà, kó tó sọ fún ọmọ tó wà lẹ́yìn òkè. Ó rò pé àdúà ni mo fẹ́ ṣe. Mo kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo fi etí sílẹ̀ bí ẹni tó wà lórí òkè. Ọ̀kadà kan kọjá lójú títì, ó gba ọ̀nà ìlú Òrù lọ, ìró rẹ̀ dín kù, ó dín kù, ó tán. Àkùkọ ẹnì kan kọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní kí Sìkírátù máa sunkún.